Ẹ Má Gbẹ́ Ẹ Fún Wa, Ẹ Jẹ́ Ká Gbẹ́ Ẹ: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun

Sí Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo ẹ̀yin alákòóso Àjọ Ìdàgbàsókè Agbègbè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun,
Ọ̀nà Alábàtà, Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwa àgbẹ̀ àkùrọ̀ lápá ọ̀nà Ìmàlà la kí yín o.

Kánáàlì kan wà ní abúlé tó múlé ti tiwa tí mo fẹ́ kí ẹ wá wò. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣe é, kí ọkàn yín balẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan ni, ó sì ti pẹ́, orúkọ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ látòkè délẹ̀. Ó gún, ó dán. Omi kò gba inú rẹ̀ kọjá rí, nítorí pé pọ́ǹpù tí ì bá máa fa omi sínú rẹ̀ kò dé títí dòní. Ibẹ̀ làwọn ìyá wa ń sá láfún sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn báyìí. Sìmẹ́ǹtì máa ń gbóná dáadáa, ewúrẹ́ kì í sì í tètè rí i láti ẹ̀bá ọ̀nà. Mo ti jẹ nínú láfún yẹn. Ó funfun, kò ní iyanrìn. Bí a bá ń wá oore tí iṣẹ́ yẹn ṣe fún wa, òun náà nìyẹn.

Mo mọ ohun tó sábà máa ń wà nínú lẹ́tà àgbẹ̀ tó bá wọ ọ́fíìsì ìjọba: ajílẹ̀, owó, tírákítọ̀. Ẹ lè ti máa wá ibi tí mo kọ ọ́ sí. Kò sí níbí. Ẹ̀bẹ̀ tí mo mú wá ni pé kí ẹ má gbẹ́ kánáàlì kankan fún wa. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ tiwa. Nǹkan mẹ́ta ló kù tí ọwọ́ wa kò tó, ọwọ́ yín ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, kò sì sí èyí tó jẹ́ owó nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi jẹ́ ipa omi, ìyẹn kánáàlì tí a fọwọ́ gbẹ́, la mú, tí kì í ṣe borehole. Orúkọ ìlú wa ti sọ ọ́ tán. Òkúta wà lábẹ́ wa bó ṣe wà lókè wa. Kànga gbígbẹ́ níbí dà bíi tẹ́tẹ́: ẹnì kan á gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20, omi á tú jáde, aládùúgbò rẹ̀ á gbẹ́ 40, àpáta gidi ni yóò bá pàdé. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lu borehole náà ń pàdé àpáta kan náà, wọ́n á sì gbowó wọn kí wọ́n tó kẹ́rù. Òjò wa kò kéré, ó tó mílímítà 1,200 lọ́dún. Ìgbà tó ń rọ̀ ni wàhálà. Láti ìgbà tí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ títí wọ oṣù kẹta, ojú ọ̀run á gbẹ, ìgbà yẹn gan-an sì ni ewédú, tẹ̀tẹ̀, ata àti ilá ń di góòlù ní ọjà Lafẹ́nwá àti ní Kútọ̀. Ìdì ewédú kan tí èèyàn ń bẹ oníbàárà kó rà nínú oṣù keje, oníbàárà ló ń bẹ̀bẹ̀ fún un nínú oṣù kejì.

Pọ́ǹpù kékeré wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ètò Fádámà tí Báńkì Àgbáyé kọ́wọ́ tì ló mú un wọ ilé àwọn kan, àwọn mìíràn fi owó ara wọn rà á. Nígbà tí bẹntiróòlù kò tíì tó náírà 200 lítà kan, ó ṣeé gbọ́ bùkátà. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ, kí ọdún náà sì tó parí ni lítà kan ti kọjá náírà 600, pọ́ǹpù ti di ohun tí a fi ń gbé oúnjẹ adìyẹ lé. Omi tó bá ń fúnra rẹ̀ ṣàn wá láti ibi gíga kì í béèrè epo.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì sẹ́yìn, ilé 23 nínú abúlé wa fẹnu kò pé a ó gbẹ́ ipa omi láti ojú odò Ògùn wọ inú àkùrọ̀ wa. Ibì kan wà tí àpáta ti dábùú odò, tí omi máa ń ga lẹ́yìn rẹ̀ kódà nínú oṣù kejì. Láti ibẹ̀ dé oko tó jìnnà jù lọ tó mítà 700. Oko tí omi náà máa rin kò ju éékà 25 lọ. Iṣẹ́ ọmọdé ni lójú ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ dáàmù Ọ̀yán, tó lè gba kúbíìkì mítà omi mílíọ̀nù 270 sínú.

A kò wá awọnlẹ̀. Ìgbéraga àgbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti ń tẹ ilẹ̀ kan láti ogójì ọdún máa ń rò pé ẹsẹ̀ òun mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀. A fi dígà àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ láti Sátidé dé Sátidé. Lọ́jọ́ tí a ṣí ẹnu rẹ̀, omi wọlé, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e, ariwo sọ. Ó dé nǹkan bíi mítà 400, ó dúró. Kò ya, kò jò. Ó kàn dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ẹsẹ̀ wa ti sọ fún wa pé ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ lọ. Omi ní irọ́ ni.

Bíríkìlà kan nínú wa ló yọ wá. Ó gbé rọ́bà tí wọ́n fi ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì ilé wá, èyí tí wọ́n ń rọ omi sí nínú, tí omi orí méjèèjì máa ń dọ́gba. Òun la fi ń wọ̀n ọ́n lọ pẹ̀lú igi méjì tí a sàmì sí lára. Ìgbà yẹn la tó rí i pé níbi tí omi ti dúró, ilẹ̀ inú ipa omi wa fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ibẹ̀ la ti kọ́ ohun tí àwọn ẹnjinníà yín ti mọ̀ láti kíláàsì: ipa omi tí kò ní sìmẹ́ǹtì, kó máa rẹlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 nínú mítà 100 ti tó. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà, omi á máa sáré, á máa jẹ etí ilẹ̀, á sì máa hú ìdí ara rẹ̀. Bó bá dín sí i jìnnà, iyanrìn á jókòó, koríko á hù, omi á sùn sójú kan. Sẹ̀ǹtímítà 10! Ojú kankan kò lè rí i nínú igbó.

Apá kan tún wà tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìkì iyanrìn, tí ó ń fa omi mu bíi kànrìnkàn. Àwọn àgbà ní ká lọ wó òkìtì ikán, ká gún un, ká pò ó, ká fi rẹ́ ẹ. A rẹ́ ẹ. Ó ń gba omi dúró di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, a kò sì ra àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Ṣùgbọ́n rọ́bà bíríkìlà, ilé ló wà fún. Bí èèyàn bá fi wọn mítà 700, àṣìṣe kékeré ibí á gun àṣìṣe kékeré ọ̀hún lórí. Nǹkan àkọ́kọ́ tí mò ń tọrọ nìyẹn. Ẹ yá wa ní awọnlẹ̀ kan pẹ̀lú lẹ́fẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yín, fún ọjọ́ méjì péré. Kó kan èèkàn mọ́lẹ̀ fún wa, kó fi ọ̀dà pupa sí ibi tí ìdí kòtò gbọ́dọ̀ dé. Kó máa lọ. Àwa la máa gbẹ́ ẹ.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dá mi lójú pé a máa gbẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló yẹ kí wọ́n bi ní irú ìbéèrè yẹn ní Abẹ́òkúta? Ọdọọdún là ń ṣe ọdún Líṣàbí, à ń rán aṣọ, à ń lu ìlù, à ń pe ara wa lọ́mọ Líṣàbí. Kí ni Líṣàbí ṣe kí orúkọ rẹ̀ tó di oríkì wa? Àáró ló dá. Àgbẹ̀ ni. Ó kó àwọn èèyàn jọ pé kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ yípo lóko ara wọn, òní oko tèmi, ọ̀la oko tìrẹ, nígbà tí ẹgbẹ́ náà sì ti gbilẹ̀ káàkiri ìlú Ẹ̀gbá ló tó di pé ó fi í gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọkọ́ ló ṣíwájú idà. Èmi kò rí ibì kan tí wọ́n ti ń sọ apá yẹn dáadáa lọ́jọ́ ọdún. Ẹṣin àti ìbọn ni gbogbo èèyàn ń fẹ́ gbọ́. Ní abúlé wa, ipa omi yìí ló jí àáró dìde. Oko ẹni tí iṣẹ́ bá kàn, gbogbo wa la máa dé ibẹ̀. Ọ̀wẹ̀ la fi ṣe ibi òkúta tó le, ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń se oúnjẹ, oúnjẹ náà sì máa ń jẹ́ láfún pẹ̀lú ewédú, nítorí pé Ẹ̀gbá ni wá.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní Háítì, konbit ni wọ́n ń pe àáró tiwọn, wọ́n ń kọrin sí i, wọ́n ń lu ìlù sí i. Lọ́dún 2023, àwọn àgbẹ̀ ìlú Ouanaminthe padà sídìí kánáàlì kan tí iṣẹ́ ti dúró lórí rẹ̀, létí odò Massacre tó jẹ́ ààlà wọn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Dominican. Ìjọba ọ̀hún bínú, ó ti ibodè pa nínú oṣù kẹsàn-án. Àwọn ará Háítì kò dúró. Ẹlòmíràn gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan wá, ẹlòmíràn gbé ìkòkò oúnjẹ, àwọn tó wà lókè òkun fi owó ránṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn ṣì ń bọ Ògún lọ́hùn-ún o. (Ògún olójú irin ni mò ń wí, kì í ṣe odò Ògùn tiwa, ẹni tí kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ló máa ń pò wọ́n pọ̀.)

Gbígbẹ́ rọrùn ju pínpín lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ipa omi ti ń pa ọ̀rẹ́, ẹ lọ wo ẹni tí oko rẹ̀ wà lẹ́nu odò àti ẹni tí oko rẹ̀ wà ní ìparí. Ti ẹnu odò á mu àmuyó, á tún jẹ́ kí omi máa ya sọnù sínú igbó, kò sì ní rò pé òun ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ti ìparí á jí ní aago mẹ́rin ìdájí, á bá ilẹ̀ gbígbẹ. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ṣe ìgbéyàwó ọmọ kò kí ara wọn fún oṣù méjì gbáko nítorí pákó tí ẹnì kan yọ lóru. A gbìyànjú ìpàdé. A gbìyànjú owó ìtanràn. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni èyí tí ìyá kan tó ń gbin ewédú dábàá, tí àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín: ẹni tí oko rẹ̀ bá wà ní ìparí pátápátá ni kí ó máa tọ́jú gbogbo pákó tí à ń fi dí omi àti èyí tí à ń fi ṣí i. Bí omi kò bá dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ó mọ̀ pé ẹnì kan jalè, á sì rìn gòkè títí á fi rí i. Ìyá náà gan-an ni oko rẹ̀ wà ní ìparí. Ìyá Olómi là ń pè é báyìí. Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ló ń pín in, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kò sì sẹ́ni tó ń yọ pákó lóru mọ́.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè rí i pé òfin tiwa ti wà nílẹ̀. Tiyín ni kò tíì kàn wá. Òfin Omi ti ọdún 1993 gba ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ fara kan odò láyè, ì báà jẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ ló ní lórí ilẹ̀ náà, pé kó fa omi odò náà láìsan kọ́bọ̀, fún ìlò ilé, fún ẹran ọ̀sìn rẹ̀, àti fún rírin oko ti ara rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́ta péré nínú 23 ni ilẹ̀ wọn fara kan odò. Ogún tó kù wà lẹ́yìn, ilẹ̀ àwọn mẹ́ta yẹn ni omi wọn ń gbà kọjá. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ láti Èkó bá wá ta ilẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìtura, òfin wo la máa nà sí wọn? Mẹ́sàn-án nínú àwọn ogún yẹn tún ń san ìṣákọ́lẹ̀, wọn kò nílẹ̀ rárá. A sì ti rí i níbòmíràn: ilẹ̀ tí omi bá dé máa ń wọ́n, mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ á sì rántí lójijì pé àwọn fẹ́ fi dá oko. Ẹni tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ́ kòtò ló máa kọ́kọ́ kẹ́rù.

Nítorí náà, nǹkan kejì tí mò ń tọrọ ni ìwé. Ìwé àṣẹ kan ṣoṣo, tí yóò jẹ́ ti ẹgbẹ́ wa lápapọ̀, tí yóò sọ ibi tí a ti ń fa omi, iye tí a lè fà, àti ilẹ̀ tí ipa omi gbà kọjá, kí ó sì ní orúkọ gbogbo ẹni tó ń lo omi náà nínú, tolówó ìṣákọ́lẹ̀, tìyàwó ilé. Kí àwọn mẹ́ta etí odò fọwọ́ sí i lójú baálẹ̀ àti lójú yín nígbà tí ara wọn ṣì le. Wọ́n ti gbà. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ èyí.

Bí ẹnì kan nínú yín bá ń rò ó pé a fẹ́ gba omi mọ́ Èkó lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Mo mọ̀ pé omi tí ẹ ń tú sílẹ̀ láti Ọ̀yán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dé ilé iṣẹ́ omi Arákàńgá tí Abẹ́òkúta ń mu, òun ló sì ń lọ dé ìsàlẹ̀ fún Èkó. Àkùrọ̀ éékà 25 jẹ́ nǹkan bíi hẹ́kítà 10. Lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún hẹ́kítà kan ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi ṣírò. Lítà 10 nìyẹn, bó bá sì ṣàn tọ̀sán tòru, kò pé lítà 900,000 lójúmọ́. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ omi Adíyàn tó ń pèsè omi fún Èkó nìkan láti máa pèsè gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 70 lójúmọ́. Tiwa kò tó ìdá kan nínú 300 rẹ̀. Páìpù tó ń jò ládùúgbò kan l'Ékòó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n sì ń ṣe dáàmù náà tí Ààrẹ Shagari ṣí ní oṣù kẹta ọdún 1983, hẹ́kítà 3,000 ni wọ́n ní omi rẹ̀ máa rin nísàlẹ̀ odò Ògùn. Ẹ̀yin lẹ mọ iye tí omi ti dé nínú rẹ̀. Hẹ́kítà 10 là ń wí.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ tí kì í jẹ́ kí n sùn nínú oṣù kẹsàn-án. Mi ò ní sọ pé kí ẹ má tú omi dáàmù. Dáàmù tó kún tí wọn kò tú, òun ló burú jù, ó yé wa bẹ́ẹ̀, ó sì yé àwọn ará Ìṣẹrì àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ dé ẹ̀bá Ketu náà, tí odò Ògùn máa ń wọ yàrá wọn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, òru ni odò fi kún lọ́dọ̀ wa. Ó gbé gbogbo òkúta tí a tò sí ẹnu ipa omi lọ, ó sì da iyanrìn kún mítà 320 tó wà ní ìparí, ìyẹn gbogbo ìhà ọ̀dọ̀ Ìyá Olómi. Òjò ni o, dáàmù ni o, n kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí a bá ti gbọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni, à bá ti fi àpò iyanrìn dí ẹnu rẹ̀, à bá sì ti kórè ìrẹsì tó kù nínú àkùrọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé géètì sókè, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á lórí OGBC, rédíò ìpínlẹ̀ Ògùn, ní èdè Yorùbá tó mọ́, kì í ṣe èdè ìwé ìròyìn: ọjọ́ báyìí, omi máa ga tó báyìí. Kí ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn baálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹ bá fẹ́ dín omi kù. Ẹni tó bá mọ̀ pé omi máa dín kù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò ní gbin ata tuntun lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ti òkúta tí odò gbé lọ, a ti rí ọgbọ́n tí a máa ta sí i, ọwọ́ dókítà la sì ti rí i. Nakamura Tetsu, ará Jàpáánì, lọ tọ́jú aláìsàn ní ẹkùn Pakistan àti Afghanistan. Nígbà tí ọ̀dá líle dé ní ọdún 2000, ó rí i pé ebi àti omi ẹlẹ́gbin ló ń pa àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ òun. Ó gbẹ́ kànga, lẹ́yìn náà ó kọjú sí odò. Láti 2003 sí 2010, òun àti àwọn ará abúlé gbẹ́ kánáàlì tó lé ní kìlómítà 25 ní ìlà oòrùn Afghanistan, ilẹ̀ tó ti di aṣálẹ̀ sì tún hu àlìkámà. Kì í ṣe ẹnjinníà. Ó kọ́ ọ ni. Ìsédò olókùúta kan tó ti lé ní 200 ọdún nítòsí ìlú rẹ̀ ní Fukuoka ló lọ wò. Kò fi kọnkéré ṣe etí kánáàlì: wáyà ni wọ́n hun bí agọ̀ adìyẹ, wọ́n di òkúta kún un, wọ́n tò ó jọ, wọ́n wá gbin igi sẹ́yìn rẹ̀ kí gbòǹgbò lè di gbogbo rẹ̀ mú. Bó bá bàjẹ́, àgbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n hun lè tún un ṣe láìpe agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n yìnbọn pa á ní Jalalabad ní oṣù kejìlá ọdún 2019, kánáàlì náà kò sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí nípàdé, ẹnì kan bi mí pé níbo la ti máa rí òkúta. Gbogbo ilé dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní Abẹ́òkúta! Wáyà ni a máa rà. Ọparun la máa gbin sẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan wà tí ń kò tọrọ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n tí n kò lè fi pa mọ́, torí pé ó lè sọ gbogbo ohun tí mo ti kọ di asán. Àtọ̀sí ajá ni. Ẹ̀yin àti àwọn onímọ̀ tó ti ń kọ̀wé lórí adágún Ọ̀yán láti bí 30 ọdún mọ̀ ju mi lọ: lẹ́yìn tí dáàmù náà dé, àwọn ọmọ abúlé tó wà létí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Ìṣáwùrú kékeré tó ń gbé nínú omi tí kò ṣàn ni aràn tó ń fa àìsàn náà ń gbé inú rẹ̀ dàgbà, á jáde sínú omi, á sì gba awọ ẹsẹ̀ wọlé sára ẹni tó bá wọ odò. Ọmọ tó bá ti ní in, ìtọ̀ rẹ̀ nínú odò ló ń dá a padà sọ́dọ̀ ìṣáwùrú. Ipa omi tó ń sùn, tí koríko kún, ilé ọ̀fẹ́ ló jẹ́ fún un. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àwọn kan lára wa rò pé bí ọkùnrin ṣe ń bàlágà nìyẹn, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lé sẹ̀ǹtímítà 10 yẹn kiri bí ẹni tó ń lé olè. Omi tó bá ń rìn dáadáa, tí a ń gbé koríko inú rẹ̀ kúrò lóṣooṣù, tí a sì ń jẹ́ kó gbẹ pátápátá fún ọjọ́ díẹ̀ láàárín ìpín kan sí èkejì, kì í tù ìṣáwùrú lára. A ti ya ibi ìfọṣọ sọ́tọ̀ lórí òkúta, aṣọ kò gbọdọ̀ wọ inú ipa omi. A fi ibì kan sílẹ̀ fún màlúù láti mu omi, kí wọ́n má bàa tẹ etí rẹ̀ wó. Ọmọ tí a bá bá níbi tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló ń gbẹ́ mítà mẹ́wàá ní Sátidé. Nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ sì ti ṣèlérí láti wá fún àwọn ọmọ ní praziquantel, oògùn tó ń pa aràn náà. Bí awọnlẹ̀ yín bá rí ibi tí omi wa ti ń sùn, kó má fi ojú àánú wò wá, kó sọ fún wa.

Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, omi ń dé mítà 380. Lẹ́yìn ibẹ̀, iyanrìn ni. Ìyá Olómi ṣì ń pín in fún àwọn tó wà lókè, bẹ́ẹ̀ garawa ló fi ń rin ewédú tirẹ̀.

Sátidé là ń ṣe ọ̀wẹ̀, aago méje àárọ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Lafẹ́nwá, ọ̀nà Ìmàlà ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Ẹ béèrè ipa omi lọ́wọ́ ọlọ́kadà èyíkéyìí, wọ́n mọ̀ wá. Ọkọ̀ yín kò ní lè gba orí afárá pákó kọjá, kí ẹ gbé e sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níbẹ̀, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Ẹ wọ bàtà rọ́bà. Oúnjẹ wà. Ẹ má gbàgbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, nítorí pé rọ́bà bíríkìlà wa ti lu.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ àkùrọ̀ kan,
Ọ̀nà Ìmàlà, Abẹ́òkúta.